Ẹja Kì Í Ṣàdédé Kú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Kí-ló-dé

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1949, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe aago, ni wọ́n bí ìyá rere tí gbogbo ẹ̀yin èèyàn péjọ nítorí wọn lónìí. Bàbá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni, ìdílé àwọn tí ọwọ́ wọn mọ irin. Ìyá wọn jẹ́ ọmọ apẹja, obìnrin ọlọ́yàyà tí kì í jẹ́ kí àlejò jáde nílé òun lọ́wọ́ òfo, tí òun náà kì í sì í ki ẹsẹ̀ bọ ilé ọlọ́mọ láìmú nǹkan dání. Ẹbí bẹ ẹ̀yin èèyàn pé kí ẹ fi ìwà ìyá àgbà yìí sọ́kàn, nítorí ó ṣì ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà lọ́jọ́ ìkómọ wà nínú ìwé ìbí, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Ìdí ni pé gbàrà tí olóògbé la ẹnu, ìbéèrè ló ń tibẹ̀ jáde. Kí ló dé tí òjò fi dá? Kí ló dé tí adìẹ kò ní eyín? Kí ló dé tí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà fi ń sunkún nígbà tó jẹ́ pé àlùbọ́sà ni wọ́n ń gé? Bàbá wọn, tí iṣẹ́ wọn gba ìdákẹ́jẹ́, kọ́kọ́ ń dáhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọmọ nìyẹn. Ó di Kí-ló-dé lẹ́nu bàbá, ó di Ìyàwó Kí-ló-dé nílé ọkọ, ó wá di Màmá Kí-ló-dé lẹ́nu gbogbo ayé.

Ní ọdún 1956 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí olùkọ́ wọn fi wá bá bàbá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọmọ yìí mọ̀wé o, àmọ́ kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́ kó fi ìbéèrè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yòókù. Bàbá wọn ní kí olùkọ́ fara dà á, ilé ni òun ti ń fara dà á bọ̀. Wọ́n parí ìwé ní ọdún 1963. Agbára kò gbé èyí tó kàn, nítorí àwọn àbúrò ti tò sẹ́yìn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, bàbá wọn sì ní kí wọ́n wá jókòó ti òun kí wọ́n kọ́ṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì jókòó kí èjìká wọn kanra. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì bò, fìtílà kékeré kan, àti àwo funfun tí wọ́n ń kó ìṣó tín-tìn-tín inú aago sí. Ẹni tó bá sín níbẹ̀ ti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́. Ibẹ̀ ni olóògbé ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé gbogbo ayé wọn. Wọ́n fẹ́ yára tú aago oníbàárà kan, bàbá wọn di ọwọ́ wọn mú. "Aago kì í ṣàdédé dúró," ni bàbá wọn wí. "Ohun kan ló dá a dúró. Jókòó tì í ná. Gbọ́ ọ. Wò ó. Kó o tó tú ohun tí kò ṣẹ̀ ọ́." Olóògbé béèrè pé kí ló dé tí èèyàn á fi jókòó ti ohun tí kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá wọn ní kí wọ́n kàn jókòó.

Ní ọdún 1970, bíríkìlà kan gbé aago rẹ̀ wá, sìmẹ́ǹtì ti dí i pátápátá. Olóògbé béèrè pé kí ló dé tí kò bọ́ ọ kó tó máa po sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó tíì bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ó sì wo ojú ẹni tó béèrè pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé aago náà dé, sìmẹ́ǹtì tún ni. Nígbà tó gbé e dé lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá olóògbé yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Ọmọkùnrin, kì í ṣe aago ló ń ṣàìsàn o. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ wá." Olóògbé àti bíríkìlà náà ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1971. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, gbogbo wọn ló sì wà láàyè láti sin ìyá wọn.

Ẹbí kò ní pa irọ́ mọ́ olóògbé pé ayé wọn dùn látòkè délẹ̀. Àwọn aago oníbátìrì olówó pọ́ọ́kú gba ìgboro kan. Bó bá bà jẹ́, wọ́n á jù ú nù ni, wọ́n á ra òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù tó ti bọ́ ìran méjì wá di ibi tí wọ́n ń jókòó fi wo àwọn tó ń kọjá. Ní ọdún 1993, Bàbá Bíríkìlà já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́. Wọ́n yè é, àmọ́ ẹ̀yìn wọn kò gbà kí wọ́n gun òkè mọ́. Ọdún yẹn náà ni bàbá olóògbé jáde láyé, tí Ìyá Àgbà fi kó wá sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ẹnu pọ̀ nínú ilé, ọwọ́ tó ń mú wá kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ méjì tó kẹ́yìn kúrò nílé ìwé. Àwọn ìgbà kan wà tí olóògbé á gbé ìkòkò omi lásán ka iná, kí àwọn aládùúgbò lè rí èéfín kí ojú má baà ti ilé náà. Ohun tí wọn kì í sọ nìyẹn nígbà ayé wọn. Àwọn ọmọ wọn ló ní kí ẹbí kọ ọ́ síbí.

Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ aláàánú kan dé sí àdúgbò. Ohun tí wọ́n mú wá ya gbogbo èèyàn lẹ́nu, nítorí kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe àpò ìrẹsì. Ọ̀sìn ẹja ni. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin tí nǹkan kò rọgbọ fún dara pọ̀, kí wọ́n gba ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi, kí wọ́n gbẹ́ adágún sí i. Ẹgbẹ́ náà á fún wọn ní ọmọ ẹja epìyà, àwọ̀n, oúnjẹ ẹja ti ìbẹ̀rẹ̀, àti olùkọ́ kan tí á máa wá wò wọ́n. Ẹ̀jẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn: nígbà tí ẹja wọn bá gbó tán, tó sì pọ̀, kí àwọn náà kó ọmọ ẹja fún ẹgbẹ́ obìnrin mìíràn níbòmíràn, àwọn tí wọn kò mọ̀ rí.

Bàbá Bíríkìlà, tí kò lè gun òkè mọ́, rí i pé adágún kì í lọ sókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n gbé àga sétí kòtò, wọ́n sì ń fi igi tọ́ka, wọ́n ń pariwo mọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe máa to búlọ́ọ̀kù ẹnu omi. Àwọn obìnrin náà ń bínú sí wọn láàárọ̀, wọ́n ń gbé omi tútù fún wọn lọ́sàn-án. Olùkọ́ tí ẹgbẹ́ aláàánú rán wá jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń gun alùpùpù, ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ọ̀yàn, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Tíṣà Ẹja. Olóògbé kò jẹ́ kó sinmi. Kí ló dé tí omi yìí fi gbọ́dọ̀ máa ṣàn jáde? Kí ló dé tí ẹja kì í sùn? Tíṣà Ẹja ń dáhùn gbogbo rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, títí ọjọ́ tí olóògbé béèrè ẹni tó ni owó tí wọ́n fi ṣe gbogbo èyí.

Tíṣà ní àwọn èèyàn tó dá a kò lóǹkà. Àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn, ṣẹ́ńjì tí ì bá fi ra búrẹ́dì ló jù sínú àpótí. Olóògbé béèrè bóyá wọ́n mọ àwọn obìnrin àdúgbò yìí. Tíṣà ní wọn kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n béèrè bóyá wọ́n máa wá gba nǹkan kan padà. Tíṣà ní rárá. "Kí ló dé nígbà náà?" Tíṣà Ẹja ronú, ó tún ronú, ó ní òun kò mọ̀. Ìbéèrè yẹn jókòó sínú olóògbé láti ọjọ́ náà, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ayé wọn.

Ìṣòro dé ní ọdún 1997. Láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn ẹja náà á kóra jọ sójú omi, wọ́n á la ẹnu wọn, wọ́n á máa pa á dé, wọ́n á tún là á. Inú àwọn obìnrin náà dùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń kí ìyá wọn káàárọ̀. Ìyá Àgbà ní kì í ṣe ìkíni, ebi ni. Kò pẹ́ tí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ikùn funfun sókè, kí ọjọ́ mélòó kan sì tó kọjá, omi náà ti dákẹ́. Àwọn obìnrin sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú fún wọn ní ọmọ ẹja lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ gbangba: àwọn mìíràn wà lórí ìlà tó ń retí. Bí èyí bá tún kú, ìrànlọ́wọ́ náà á kọjá sọ́dọ̀ àwọn yẹn. Olóògbé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ti fi ìrètí ẹja dá padà sílé ìwé á tún padà wálé, ìkòkò omi lásán á sì tún gun iná.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹja kejì tún bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu láàárọ̀. Ìgbà yìí, kò sẹ́ni tó pè é ní ìkíni. Ìbẹ̀rù mú wọn, ìbẹ̀rù sì máa ń wá ẹni tí á dì mú. Ìyá Alágbàfọ̀, ọ̀rẹ́ olóògbé, ni wọ́n dì mú. Opó ni wọ́n, aṣọ onílé-onílé ni wọ́n ń fọ̀ jẹun, omi ọṣẹ wọn sì ń gba gọ́tà tó kọjá nítòsí adágún. Ẹnìkan ní ọṣẹ ló ń pa ẹja. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe ọṣẹ lásán, ìlara ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti gbà pé nípàdé ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n yọ obìnrin náà kúrò nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n sì fi tó ẹgbẹ́ aláàánú létí pé wọ́n ti rí ẹni tó ń pa ẹja wọn. Ìyá Alágbàfọ̀ kò jà. Wọ́n kàn wá bá olóògbé nílé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Kí-ló-dé, mi ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan." Olóògbé ní àwọn gbọ́.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Olóògbé kò fẹ́ gbèjà ọ̀rẹ́ wọn lásán, wọ́n fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní kí Ìyá Alágbàfọ̀ po búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú omi ọṣẹ wọn, kó dúdú dáadáa, kí wọ́n sì dà á sí gọ́tà bí wọ́n ṣe máa ń dà á. Olóògbé wá ń tẹ̀ lé omi búlúù náà, wọ́n tẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká aṣọ sókè, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Omi náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, ó gba ìsàlẹ̀ lọ sínú àbàtà. Ẹ̀kán rẹ̀ kò kan ẹja. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún àwọn obìnrin yòókù, wọ́n ní bóyá obìnrin náà ń lọ dà á sínú adágún nígbà tójú ò tó o. Olóògbé rí i pé àfi kí àwọn rí ohun tó ń pa ẹja gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Sátidé á gbé ọ̀rẹ́ wọn lọ.

Wọ́n wá rántí bàbá wọn. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó inú ṣọ́ọ̀bù aago, wọ́n gbé e sábẹ́ igi létí adágún ní kùtùkùtù, wọ́n jókòó. Wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò. Ọkùnrin kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró, ó wo ẹja, ó fa búrẹ́dì ya lápò, ó jù ú sómi, ó kọjá. Àwọn ọmọ ilé ìwé dé, wọ́n da èérún bisikíìtì sí i. Obìnrin tó kàn lọ́jọ́ náà láti fún ẹja lóúnjẹ dé, ó fi kọ́ọ̀pù wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe kọ́ wọn, ó sì lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù wá yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo bí ẹja ṣe jí, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó wá lọ́wọ́ òfo. Àgbàdo ló wà lọ́wọ́ ẹnìkan, ìrẹsì àná lọ́wọ́ ẹnìkejì. Bí ẹja bá ṣe ń la ẹnu sí ni àánú wọn ń ṣe wọ́n sí, bí àánú bá sì ti ń ṣe wọ́n ni wọ́n ń jù sí i.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni Ìyá Àgbà. Wọ́n tú ìṣẹ́tí aṣọ wọn, oúnjẹ tí wọ́n dì síbẹ̀ tó bọ́ ọmọ èèyàn méjì yó. Wọ́n ń jù ú díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá ẹja sọ̀rọ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ ọmọ wọn. Olóògbé wà lábẹ́ igi, ojú wọn là, ọkàn wọn sì bà jẹ́. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìyá tó bí wọn. Bí wọ́n ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni alùpùpù Tíṣà Ẹja dé. Tíṣà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi ki ọwọ́ bọ àpò, tó mú ìlàjì bisikíìtì tó jẹ kù jáde, tó rún un sómi. Olóògbé dìde, wọ́n ní, "Tíṣà, kí lẹ dà síbẹ̀?" Tíṣà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

Tíṣà Ẹja ló mọ ìyókù. Ó fi igi gígùn ru ìsàlẹ̀ adágún, ẹrẹ̀ dúdú jáde, òórùn rẹ̀ sì lé àwọn méjèèjì sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé fún olóògbé pé oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán ló ń jẹrà nísàlẹ̀, ìjẹrà náà ló sì ń gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹnu tí ẹja ń là, èémí ló ń wá, kì í ṣe oúnjẹ. Ó ní kọ́ọ̀pù tí wọ́n ń wọ̀n lóun ń bi wọ́n léèrè ní gbogbo ìgbà, gbogbo wọn sì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń wọ̀n ọ́n. Òtítọ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó ka ẹ̀bùn kékeré tí èèyàn mú lọ kí ọmọ sí oúnjẹ. Olóògbé tún rántí pé àwọn fúnra wọn, búrẹ́dì àárọ̀ tí àwọn ń jẹ, ṣebí ibẹ̀ làwọn ń gbọn èérún rẹ̀ sí.

Nípàdé Sátidé, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn sí Ìyá Alágbàfọ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí olóògbé bẹ̀bẹ̀ láti sọ̀rọ̀. "Ẹja kì í ṣàdédé kú," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kò sẹ́ni tó kórìíra ẹja wọ̀nyí. A fẹ́ràn wọn jù ni." Wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá ní kí ẹni tó bá ti fún ẹja ní nǹkan rí nígbà tí kì í ṣe òun ló kàn nawọ́ sókè, wọ́n sì na tiwọn. Olóògbé kò jẹ́ wo ọ̀nà ibi tí ìyá wọn jókòó sí.

Ìyá Àgbà fúnra wọn ló dìde. Wọ́n nawọ́, wọ́n ní, "Èmi ni mo jù ú jù. Ṣé ọwọ́ òfo lẹ fẹ́ kí n máa gbé lọ kí ọmọ ni?" Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran gbogbo ilé. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí kan ti Tíṣà Ẹja, títí kan ti Bàbá Bíríkìlà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbogbo yàrá náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ni. Wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ọwọ́ mi máa ń rùn fún ọṣẹ. Ẹ̀rù bà mí kó má lọ ṣe wọ́n ní nǹkan." Ẹ̀rín tán nílé. Àwọn obìnrin tó fẹ́ yọ wọ́n lẹ́gbẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bẹ̀ wọ́n, Ìyá Alágbàfọ̀ sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe òfin tí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé adágún mọ̀: ẹni tó bá wá kí ẹja, kó káwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ṣí omi, wọ́n kó ẹrẹ̀ dúdú náà, wọ́n jẹ́ kí omi tuntun wọlé. Lọ́dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀, tí kò fún wọn ní nǹkan rí, ni wọ́n kó kọ́ọ̀pù ìwọ̀n oúnjẹ sí. Ó gba ìgbà díẹ̀ kí Ìyá Àgbà tó gbà. Wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn lóòótọ́, wọ́n á sì máa bẹ àwọn ẹja náà pé kí wọ́n má bínú sí òun, òfin ni. Ẹja náà yè. Wọ́n gbó, wọ́n pọ̀, wọ́n tà, ìkòkò ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tó ń hó nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì parí ìwé wọn.

Ní ọdún 1999, wọ́n san ẹ̀jẹ́ wọn. Olóògbé wà lára àwọn tó gbé ọmọ ẹja nínú kẹ́ẹ̀gì lọ fún àwọn obìnrin tí wọn kò mọ̀ rí, lọ́nà jíjìn tí wọ́n fi ń yọjú wo omi náà ní gbogbo ìgbà. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ aláàánú ń gbé wọn káàkiri láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Níbikíbi tí wọ́n bá dé, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní ìjókòó létí omi ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí àwọn àlejò pàtàkì tó tò létí adágún, tí gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà bá wí, iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé lẹ rí yẹn.

Olóògbé fẹ́ràn Ọlọ́run, wọ́n sì ń sin ín tọkàntọkàn nílé ìjọsìn wọn. Abèèrè kì í ṣìnà, wọn kò sì jẹ́ kí ìjọ ṣìnà. Bí ìwàásù bá kan àwọn apẹja, wọ́n á dúró de olùṣọ́ àgùntàn lẹ́nu ilẹ̀kùn láti béèrè irú ẹja tí wọ́n pa. Olùṣọ́ àgùntàn ti sọ fún ẹbí pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja kóun tó wàásù nítorí obìnrin kan ṣoṣo. Ìyá Àgbà wọ káà ilẹ̀ lọ ní ọdún 2004, Bàbá Bíríkìlà tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2012, olóògbé sì sin àwọn méjèèjì tiyìtẹ̀yẹ. Aago sìmẹ́ǹtì náà wà lọ́wọ́ wọn títí. Ó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn olólùfẹ́ wọn kún ilé ìwòsàn, kò sì sí ẹni tó wá láìgbé abọ́ oúnjẹ. Olóògbé wo àwọn abọ́ tó tò sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ rọra o. Bẹ́ ẹ ṣe pa ẹja nìyẹn." Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan ló wá, tó jókòó, tó sì dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ní ọ̀sán tó kẹ́yìn, olóògbé bi wọ́n ní ìbéèrè àtijọ́ náà. "Àwọn tí kò mọ̀ wá yẹn, tó fún wa ní ẹja, kí ló dé?" Ìyá Alágbàfọ̀ ronú sí i. Wọ́n ní, "Ó jọ pé àwọn náà ò lè wo ọmọ lọ́wọ́ òfo." Olóògbé rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni mò ń wá." Wọn kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti mọ̀ pé wọ́n ti ń lọ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì bá wọn láyé.

Olóògbé fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ sáyé lọ: atúnrédíòṣe, nọ́ọ̀sì, bíríkìlà tó jogún iṣẹ́ bàbá rẹ̀, àti àbíkẹ́yìn tó di olùkọ́ ọ̀sìn ẹja nínú ẹgbẹ́ aláàánú yẹn gan-an. Wọ́n fi ọmọ ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àti ọmọ ọmọ ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu lóṣù tó kọjá. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó kọ́kọ́ sọ. Wọ́n fi Ìyá Alágbàfọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n jókòó síwájú lónìí, tí kọ́ọ̀pù ìwọ̀n náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan ni olóògbé fi sílẹ̀ ní àṣẹ. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan wá sójú oórì àwọn, kì báà ṣe òdòdó, kì báà ṣe ohun jíjẹ. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹbí bẹ̀ yín, ẹ káwọ́ sẹ́yìn. Owó yòówù tẹ́ ẹ bá mú dání, àpótí kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ jù ú síbẹ̀. Adágún ni wọ́n máa fi gbẹ́, fún àwọn ọlọ́mọ kan níbì kan. Ẹ má ṣe béèrè orúkọ wọn, ẹbí náà kò mọ̀ wọ́n.

Màmá Kí-ló-dé, omi yín tòrò. Ẹ ti béèrè tó, ẹ ti rí ìdáhùn. Ọwọ́ wa wà lẹ́yìn, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa. Ẹ sùn un re o.